Ta Ló Fọwọ́ Kan Ìgò Áńtíbọ́dì?

"Ẹ tún wò ó, àǹtí. Ìlà kankan ò sí níbẹ̀," ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan sọ.

Àǹtí nu awò ojú rẹ̀, ó tún wo bébà náà. Funfun báláú! Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá ẹ́ńsáìmù tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì ìgbà tó yẹ kó pín sí méjì. Omi áńtíbọ́dì inú ìgò kékeré kan ló ń bá a wá a: bó bá rí ẹ́ńsáìmù náà, á lẹ̀ mọ́ ọn, ìlà dúdú á sì yọ lórí bébà.

"Ẹnì kan ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ fún mi."

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wá lo họlidé, tó ń bá a palẹ̀ yàrá ìwádìí mọ́, rò pé òun mọ onítọ̀hún. Bí kò bá ṣe Bọ̀dá Máfọwọ́kàn, ta ni? Ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe yìí, "Má fọwọ́ kàn án!" ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀ tàárọ̀-tàṣálẹ́. Òun náà ló sì ń ṣí fíríìjì, tó ń ṣí firísà, tó ń kọ nǹkan sínú ìwé pélébé, tó ń wẹ̀yìn bí ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò. Ọmọ náà tú àṣírí rẹ̀ fún àǹtí.

"Ẹ mú ìwé yẹn wá!" ni àǹtí fi ìbínú sọ fún Bọ̀dá. "Bó bá jẹ́ ohun tí mo rò ni, iṣẹ́ yín ti bọ́ nìyẹn."

Ọkùnrin náà na ìwé pélébé náà sí i. "Ìwọ̀n òtútù ni mò ń kọ, mo wá rí ìgò yín. Ìrọ̀lẹ́, firísà. Àárọ̀, fíríìjì. Ojoojúmọ́! Ó ń dì, ó ń yọ́, ni agbára rẹ̀ fi tán. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ń gbé e, ẹ̀rù bà mí láti bi yín."

"Irọ́! Ta ló máa gbé e síbẹ̀?"

Ìgbà yẹn ló tó yé ọmọ náà. Òun ni! Bó bá ń palẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́ ló ń gbé e sí firísà, á sì dá a padà sí fíríìjì kí àǹtí tó dé láàárọ̀. Ó ti rò pé bí nǹkan bá ti tutù gan-an, kò ní bàjẹ́, bí ẹja ilé wọn. Bó bá dákẹ́, Bọ̀dá ló máa lọ, kò sẹ́ni tó máa fura sí òun.

"Àǹtí, èmi ni."

Àǹtí ò pariwo, ìyẹn ló dun ọmọ náà jù. Iṣẹ́ oṣù kan ti wọgbó. Àǹtí yíjú sí ọkùnrin náà: "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máà bínú."

Bọ̀dá fi bírò lé ọmọ náà lọ́wọ́. Ọmọ náà kọ ọ́ sára fíríìjì: "Ìgò áńtíbọ́dì yìí kì í wọ firísà." Ọkùnrin náà kà á, ó wúkọ́.

"O gbàgbé nǹkan kan."

Ọmọ náà fi omijé rẹ́rìn-ín, ó fi kún un: "Má fọwọ́ kàn án!" Láti ọjọ́ yẹn, kó tó fura sí ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé, "Èmi ńkọ́, kí ni mo ṣe?"