Omi Òkun Kì í Ṣe Omi Bátìrì

Nígbà tí Ọlábánjí ra bátìrì ńlá olómi kan, ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé, Bàbá Ọ̀ṣìnúbí onílé wọn ní Ṣàngó-Ọ̀tà náà ò tíì kú. Ikọ́ fée ń bá Ọlábánjí jà; bí kò bá sí fáànù, oorun di ogun. Bátìrì yẹn ló ń yí fáànù fún un.

Nígbà tó yá, bátìrì kò gbé iná dúró mọ́. Fẹ́yìsetán, ìyàwó rẹ̀, á ti ibi iṣẹ́ dé, á tún jókòó máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọkọ.

Ni Ọlábánjí bá gbọ́ lórí rédíò pé nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n ń fi agbára ìgbì òkun gbaná sí bátìrì. Ojú rẹ̀ bá lọ sára kẹ́ẹ̀gì omi òkun tí Fẹ́yìsetán gbé bọ̀ láti Èkó fún àdúrà.

“Ìyá Bùkúnmi, iná wà nílé, a wá ń fi í wẹ̀.”

“Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá Bùkúnmi. Ẹ bi Láwàlì ná.”

Láwàlì, aládùúgbò wọn, ló ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọn ò ṣe ní fara pa nílé iṣẹ́ kan. Ọlábánjí lọ bi í.

“Ẹ̀gbọ́n, bí ìgbì yẹn ṣe ń bì lọ bì bọ̀ ló ń yí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ló ń mú iná wá. Omi yẹn fúnra rẹ̀ ò níná nínú. Bí iyọ̀ rẹ̀ bá wọ bátìrì olómi, tí ẹ wá fi iná sí i, afẹ́fẹ́ olóró ló máa tú jáde.”

“Omi tí a ti gbàdúrà sí? Láwàlì, ìwé ti pọ̀ jù lórí ẹ.”

“Èmi ò bá àdúrà jà o. Ẹ máa fi wẹ̀. Ẹ má ṣáà bù ú sí bátìrì.”

Ọlábánjí rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, Fẹ́yìsetán lọ sí Àtàn. Òjò dé, Ọlábánjí ti fèrèsé pa, ó bu omi òkun sí bátìrì, ó so ó mọ́ iná, ó sì sùn tì í. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dé, òórùn bíi ti bílíìṣì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun ti gba yàrá, ọkọ rẹ̀ ń mí gúlegúle. Ó wọ́ ọ jáde.

“Láwàlì sọ ọ́,” ni gbogbo ohun tí Ọlábánjí rí sọ.

Ẹ̀yin ará ilé, omi bátìrì tí wọ́n ń tà nìkan ni kí ẹ lò, kí ẹni tó mọṣẹ́ sì bá yín bù ú. Ẹ má gbaná sí bátìrì ní yàrá tí ẹ ń sùn. Ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni kó wà. Bí òórùn bá ń ta yín lójú àti lọ́fun, ẹ jáde kíá, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.

Wọ́n gbé Ọlábánjí sọ́kọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà Ṣàngó dí. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, lórí itan Fẹ́yìsetán, ló dákẹ́.