Ọ̀bọ Tí Ara Rẹ̀ Dá Ṣáṣá

Òwúrọ̀ Jímọ̀ kan ní ọdún 1956 ni ìròyìn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá Ìkòròdú pé Rọ̀kíbátù, ọmọ ọdún méje, ti kú ní Ìgbògbò. Ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ló ṣe é fún ọjọ́ méjì péré. Ọmọ méjì mìíràn nínú agbolé náà wà lórí ẹní, wọn kò lè gbé orí. Wọ́n ní Sèlíátù, orogún ìyá rẹ̀, ló fi májèlé sínú ẹ̀kọ tó ń tà.

Nígbà tí Fáṣínà, ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, débẹ̀, àwọn ìyá ti ti ọmọ wọn mọ́lé. Àwọn ọkùnrin mú igi dání lẹ́nu ọ̀nà yàrá Sèlíátù.

"Bí a bá kírun Alásárì tán tí ẹ kò tíì mú un lọ, ọ̀gá, ọwọ́ wa ló máa bọ́ sí," ni ọ̀kan nínú wọn wí.

Kúlúsúmù, ìyá olóògbé, jókòó sílẹ̀. "Ó bá mi jà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí."

"Ta ló tún jẹ nínú ẹ̀kọ náà?"

"Èmi," ni Bàbá Àbúdù, àgbà agbolé, dáhùn. "Mẹ́rin ni mo jẹ. Bí májèlé bá wà níbẹ̀, inú sàréè lẹ̀ bá ti bá mi sọ̀rọ̀."

Fáṣínà wo àmù omi tó wà lábẹ́ igi òroǹbó. Eyín ti họ ẹnu ahá orí rẹ̀ yíká. Okùn kan rọ̀ sílẹ̀ láti ẹ̀ka igi náà.

"Ta ló ń fi ahá yìí mumi?"

"Àwọn ọmọdé. Àti ọ̀bọ wọn."

"Ọ̀bọ dà?"

Wàhábì, bàbá olóògbé, ló fèsì. "Ọwọ́ ọdẹ ni mo ti rà á. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ọ̀gá, kò húkọ́ rí. Ó já okùn sá lọ ní Ọjọ́rú."

Fáṣínà wo ẹnu okùn náà, ó ká a sápò. Ó ní kí ọlọ́pàá méjì dúró ti ilẹ̀kùn Sèlíátù, ó sì gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lọ síbi tí wọ́n ní Wàhábì ti ń bá ìjọba tọ́jú ọ̀bọ.

Nínú igbó ni ọ̀gbẹ́ni Adélàjà, ọ̀gá ibẹ̀, ti ń yẹ ìgbẹ́ àwọn ọ̀bọ tí wọ́n mú wò fún ìjọba. Àwọn tó ń ṣàìsàn wà ní apá kan, àwọn tí ara wọn dá wà ní apá kejì.

"Àwọn tó ń ṣàìsàn ní kòkòrò ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ nínú," ni Adélàjà wí. "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé àwọn tí ara wọn dá náà ní in. Kì í yọ wọ́n lẹ́nu, àmọ́ bó bá wọ inú ọmọ ènìyàn... Ní Ọjọ́rú ni mo sọ fún gbogbo òṣìṣẹ́."

Ilé ọ̀bọ kan ṣófo ní apá àwọn tí ara wọn dá.

"Wàhábì ní ìyẹn kú, ó ti sin ín," ni Adélàjà wí.

Alásárì kù díẹ̀ nígbà tí wọ́n padà dé Ìgbògbò. Adélàjà gbé àpótí oògùn tọ àwọn ọmọ méjì náà lọ. Fáṣínà na okùn sí Wàhábì.

"Bí eyín bá já okùn, a rí jákujàku. Èyí gún régé. Ọ̀bẹ lo fi gé e, ní ọjọ́ tí o gbọ́ ohun tó wà nínú ọ̀bọ náà gan-an. Ẹni tó jẹ ẹ̀kọ tí kò fi ahá yẹn mumi, ara rẹ̀ le. O mọ̀, o sì fẹ́ jẹ́ kí wọ́n lu ìyàwó rẹ pa."

Wàhábì kúnlẹ̀. "Rọ̀kíbátù bẹ̀ mí títí pé òun fẹ́ ọ̀bọ. Èyí tí ara rẹ̀ dá jù ni mo ṣà fún un. Nígbà tí mo sáré délé, inú ti ń run ún. Ọ̀gá, ẹ̀rù bà mí. Ẹnu mi kò lè sọ pé èmi ni mo gbé ikú fún un ṣeré."

Àwọn ọkùnrin ju igi wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ọjọ́ kẹjọ, Sèlíátù gbé àmù tuntun sẹ́bàá ọ̀nà. Ó se omi títí ó fi hó, ó dúró kó tutù, ó sì rọ ọ́ sínú rẹ̀.

"Omi ta nìyí?" ni ẹnìkan tó ń kọjá bèèrè.

"Sàráà Rọ̀kíbátù ni. Ẹ bu mu."

Kúlúsúmù jáde wá. Ó fi ọmọrí dé àmù náà, ó sì jókòó tì í.