Igi Tí Kìtán Lù

Ojú mi ló ṣe. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí ayùn tí mo fi ń jẹun gé mi lọ́wọ́.

Iṣẹ́ lílagi ni mo ń ṣe ní Oǹdó. Ọ̀rẹ́ mi Kìtán jẹ́ gáàdì igbó ọba. Òun ló máa ń fi òòlù irin ìjọba lu ìdí igi tí wọ́n bá gbà kí a gé. Nọ́ńbà èje ni àmì òòlù tirẹ̀, ẹsẹ̀ èje náà sì ti kán. Kò sí alágbàtà igi tí kò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó yá, òfin dé pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gé igi nínú igbó náà mọ́, kí ẹranko àti ẹyẹ tó ṣẹ́kù má bàa tán. Òfin tó dára ni. Àmọ́ òfin kì í gun ọ̀kadà wọ igbó. Kìtán nìkan ni wọ́n fi ṣọ́ igbó tí ènìyàn kò lè fi ọjọ́ kan là já, ọ̀kadà rẹ̀ kò sì ní epo. Lọ́jọ́ kan ó gbọ́ ẹ́ńjìnnì agégi, ó mú òòlù rẹ̀, ó wọ igbó lọ. Kò jáde mọ́.

A wá a títí. Àwọn ará ọ́fíìsì ìjọba ní Àkúrẹ́ ní àwọn ń wádìí. Ṣìkẹ́mi, ìyàwó rẹ̀, wà ní Ọ̀bà-Ilé, kò mọ̀ bóyá kí òun wọ aṣọ opó tàbí kí òun máa retí. Alaalẹ́ ló ń bu oúnjẹ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí.

Ní ọ̀sán kan, agbégilódò já àwọn igi àfàrà kan sílẹ̀ fún wa. Kò sí àmì kankan lára wọn. Ọ̀gá mi ní kí n là wọ́n. Mo la àkọ́kọ́.

Èje tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán wà láàárín igi, níbi tí òòlù kankan kò lè dé.

Mo la òmíràn. Ó wà níbẹ̀. Mo pa ẹ̀rọ. Òòrùn ń ràn, ẹyẹ kan kò ké. Nínú igi tí mi ò tíì là, ìró kan bẹ̀rẹ̀: pọ́, pọ́, pọ́. Irin lára igi. Ọ̀gá gbọ́ ọ. Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ.

Mo ránṣẹ́ pe Ṣìkẹ́mi. Ó fi ìka tọ àmì náà yípo.

"Bọ̀dá Gbémiga, ẹ fi kan pósí."

Mo bi í pé pósí ta ni, nígbà tí a kò rí òkú.

"Ẹ ṣáà kàn án, kí n mú un re ulé."

Èmi ni mo kàn án. Èmi ni mo dé e, òfìfo ni mo sì dé e. Nígbà tí ọkùnrin mẹ́rin láti ìjọ wọn wá gbé e, kò ṣeé gbé. A pe méjì kún wọn, síbẹ̀ èjìká wọn ń tẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wò mí. Mo gbójú kúrò.

Ṣìkẹ́mi gbé ọwọ́ lé ìdérí rẹ̀.

"Ẹ rọra. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

A sin ín sí Ọ̀bà-Ilé. Láti ọjọ́ náà ni Ṣìkẹ́mi kò ti bu oúnjẹ sílẹ̀ mọ́. Ó ń sùn. Ó ní ọkọ òun ti sinmi.

Pákó kan nínú àfàrà náà ṣẹ́kù lẹ́yìn ilé mi. Wọ́n ṣì ń gé igi nínú igbó ọba, òfin ṣì wà ní Àkúrẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gé igi níbẹ̀, pákó náà a máa dún: pọ́, pọ́, pọ́. Ó dún láàárọ̀ yìí.

Mi ò tíì sọ fún Ṣìkẹ́mi.