Ẹlẹ́rìí Èké ní Lásunwọ̀n

Ǹjẹ́ o ti rí ẹni tí oúnjẹ ń korò lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé iyọ̀ kò tó o, bí kò ṣe nítorí pé aládùúgbò rẹ̀ náà ń jẹun? Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Ìbídùnní, ìyá kan tó ń ránṣọ ní Lásunwọ̀n, ní Ìkòròdú.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì ni Ìbídùnní ti ṣe ìgbéyàwó. Òrùka wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Oyèdèjì ọkọ rẹ̀ ti lọ sí Ìlú Ọba tipẹ́, ó fi òun àti Jọláolúwa ọmọ wọn sílẹ̀. Ó ní òun yóò ránṣẹ́ wá mú un. Nígbà tó yá, kò pè mọ́. Ìbídùnní kì í pa ìsìn jẹ, ó sì mọ àdúrà gbà, ṣùgbọ́n kò tíì fi ọkàn rẹ̀ fún Jésù.

Toyyibah, ọ̀dọ́mọbìnrin ará Ẹ̀pẹ́, ń gbé yàrá tó kọjú sí tirẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Láńre. Ìlú Ọba ni wọ́n bí Láńre sí, ọmọ onílùú sì ni lọ́hùn-ún. Wọn kò tíì ṣe ìgbéyàwó, nítorí pé kóòtù ìlú rẹ̀ kò tíì tú òun àti ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ká. Èmi kò wí pé irú gbígbé bẹ́ẹ̀ dára. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí ni mo ń sọ.

Ní ọdún 2006, iṣẹ́ tí Láńre wá ṣe parí, ó sì fẹ́ mú Toyyibah lọ. Òfin wọn gbà kí obìnrin tí kò tíì ṣe ìgbéyàwó bá ọmọ onílùú lọ, bí ó bá ṣáà hàn pé àwọn méjèèjì ti jọ ń gbé bíi tọkọtaya fún ọdún méjì. Tiwọn ti lé lọ́dún méjì, nítorí náà wọ́n kó fọ́tò àti rìsíìtì iná jọ, wọ́n sì béèrè fún físà.

Nígbà tí Ìbídùnní gbọ́, inú rẹ̀ gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Ó ń wí fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé, "Èmi olórùka rèé nídìí máṣíìnì. Ẹni tí wọn kò tíì gbé ẹrù ìdána lọ sílé bàbá rẹ̀ ni yóò wọ bàálù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, àwọn tó ń ṣètò físà rán ọkùnrin kan wá láti wádìí. Láńre ti lọ síbi iṣẹ́. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, àgbà ilé ni àlejò kọ́kọ́ ń kí, òun náà ló sì ń sọ̀rọ̀ fún ilé. Nítorí náà wọ́n gbé àga ọkùnrin náà sí ẹnu ọ̀nà Ìbídùnní, ẹni tó dàgbà jù nínú ilé náà. Toyyibah gbé omi wá, ó sì kúnlẹ̀. Ọkùnrin náà béèrè bóyá Láńre ń gbé inú ilé náà.

"Ọ̀gbẹ́ni yẹn?" ni Ìbídùnní wí. "Ó máa ń yà kí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò gbé ibí."

Gbogbo ilé gbọ́. Ta ni yóò já àgbà nírọ́ lójú àlejò? Toyyibah pàápàá kò lè ta kò ó. Ó rọra dìde, ó wọlé lọ.

Wọn kò fún un ní físà. Láńre nìkan ló lọ.

Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé, Ìbídùnní ń kọrin nídìí máṣíìnì. Ṣùgbọ́n Oyèdèjì kò tìtorí ìyẹn pè é. Ohun tó já gbà lọ́wọ́ Toyyibah kò di tirẹ̀.

Toyyibah di ẹrù rẹ̀ láti padà sí Ẹ̀pẹ́. Kó tó lọ, ó wá kúnlẹ̀ fún Ìbídùnní.

"Màmá Jọláolúwa, mo ń lọ. Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò mọ ohun tí mo fi ṣẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí, kí ẹ sì gbàdúrà fún mi."

Ìbídùnní la ẹnu. Àdúrà tí kì í wọ́n ọn ní ṣọ́ọ̀ṣì kò wá. Toyyibah dúró lórí eékún títí ó fi sú u, ó dìde, ó sì lọ láìgba àdúrà.

Láti ọjọ́ náà ni àyà Ìbídùnní kò ti balẹ̀ mọ́. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀dẹ̀ lọ́dọ̀ Rọ̀kíbátù ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń yan ẹja, tó sì ti gba Jésù. Ó rò ó fún un tán. Ó fi kún un pé Toyyibah náà kò kúkú ṣe ìgbéyàwó.

"Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ Toyyibah lo gbé wá síbí," ni Rọ̀kíbátù wí. "Tìẹ ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lo kórìíra ni, ò bá pè é kó o gbà á níyànjú. Ìlara ló mú kó o purọ́."

"Èmi tí mò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Láti àárọ̀ ni mo ti wà nínú èéfín yìí. Ṣé mo ti wá di ẹja ni?"

Ìbídùnní rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Rọ̀kíbátù wá sọ fún un pé Jésù kú fún onílara náà, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè wẹ ọkàn tí ìsìn kò lè wẹ̀. Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ lórí iyanrìn. Àdúrà Ìbídùnní kò gùn: "Olúwa, onílara ni mí, òpùrọ́ sì ni mí. Gbà mí."

Ó gba Ẹ̀pẹ́ lọ. Lójú bàbá àti ìyá Toyyibah, ó kúnlẹ̀ fún ọmọ tí ó lè bí. Ìyá Toyyibah ń fà á dìde, ó ní èèwọ̀ ni, àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé. Kò dìde títí ó fi jẹ́wọ́ tán. Lẹ́yìn náà ó lọ búra ní kóòtù pé irọ́ ni òun pa, kí wọ́n lè fi kún ẹ̀bẹ̀ tuntun tí Toyyibah ń ṣe.

Ìdáhùn kò tíì dé bí mo ṣe ń kọ èyí ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Oyèdèjì náà kò tíì pè. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni Ìbídùnní ń bẹ Ọlọ́run pé kí Toyyibah rí físà náà gbà, ó sì ń ti ọkàn rẹ̀ wá.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ta ni ìwọ kò fẹ́ kó dára fún? Orúkọ kan ti wá sí ọ lọ́kàn báyìí. Má ṣe lé e lọ. Má sì sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì lílọ rẹ ti tó. Jésù kò ní kí o kọ́kọ́ di ẹni rere kí o tó wá. Sọ òtítọ́ fún un níbi tí o jókòó sí yìí, kí o sì jẹ́ kó gbà ọ́. Lẹ́yìn náà, dìde, lọ bá ẹni náà lónìí, nígbà tí o ṣì lè bá a nílé.