Oúnjẹ Tí Wọ́n Dé De Waheedat

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo wa ti mọ̀. Bí àlejò bá sùn nílé yín, tó jẹ, tó mu, tó wá di ọjọ́ tí yóò lọ, kí lẹ máa ń ṣe? Ẹ máa ń sìn ín sọ́nà ni. Ó lè má jìnnà, ó lè má kọjá ìloro. Ṣùgbọ́n ẹ ó jáde, ẹ ó ní kó bá yín kí ilé, ẹ ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Ṣé ẹ ti bi ara yín rí pé kí nìdí rẹ̀? Èmi náà kò bi ara mi, àfi lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Waheedat.

Ìwéré-Ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ kan wá láti Ìbàdàn láti ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìlú wa. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fẹ́ lò. Wọ́n kun ilé ẹ̀kọ́ wa lọ́dà, wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkà, wọ́n sì ya fọ́tò títí ó fi sú àwọn ewúrẹ́ pàápàá. Olórí wọn tún fi ìdùnnú sọ fún wọn lójú mi pé, "Kò sí ẹni tó máa padà sílé bó ṣe wá o!" Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́.

A pín wọn sílé àwọn ará ìlú. Waheedat, ọmọ yunifásítì tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, bọ́ sílé Ìyá Àpọ́nlé tó ń yan gàrí. Àpọ́nlé nìkan ni ọmọ tí ìyá yìí bí. Ó ti lọ sí Èkó, kì í wálé. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Waheedat ti ń pe ìyá náà ní "Mọ́mì mi", ìyá náà sì ti ń bu ẹran tirẹ̀ kún ti ọmọ náà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa lọ, bọ́ọ̀sì wọn tètè dé. Waheedat kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sunkún. Ó ti fi báàgì rẹ̀ rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣáájú, ó wá jáde lọ́wọ́ òfo.

"Mọ́mì, mo fẹ́ sáré ra omi tútù níwájú yẹn," ló wí. "Ẹ bá mi dé oúnjẹ mi, mà. Mò ń bọ̀ báyìí."

"Má pẹ́ o! Láfún tó bá ti tutù, ajá ló kù tó máa jẹ ẹ́."

Waheedat rẹ́rìn-ín. Ó wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n sì lọ. Ìyá Àpọ́nlé fi omorí dé oúnjẹ, ó jókòó tì í.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, Waheedat pè mí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Sà, mi ò lè jẹun mọ́. Kí n tó jókòó sídìí oúnjẹ, mo ti yó. Tó bá ti di ọ̀sán, láfún àti ọbẹ̀ ilá ni mò ń tọ́ wò lẹ́nu mi. Mi ò sì fẹnu kan nǹkan kan."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Samsudeen, gba fóònù. "Ó ti gbẹ, sà. Àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, wọn ò rí nǹkan kan. Bó bá ń lọ báyìí, ó máa kú mọ́ wa lọ́wọ́ ni."

Mo ní kí wọ́n má pa fóònù. Mo gba ilé Ìyá Àpọ́nlé lọ nínú oòrùn ọ̀sán. Láti ojú ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ ìró ajọ̀ lẹ́yìn ilé: ṣàà, ṣàà, ṣàà. Nígbà tí mo wọlé, orí àpótí ni mo bá Ìyá Àpọ́nlé, ó káwọ́ lérí. Abọ́ kan wà níwájú rẹ̀. Ó ṣófo, ojú ìka sì ṣì hàn lára ọbẹ̀ tó kù.

"Ẹ káàsán, mà. Ta ló ń jọ gàrí lẹ́yìn?"

"Ọmọ yín ni, Tíṣà. Ṣebí ó ní òun ń bọ̀? Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dé." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kì í rẹ́rìn-ín mọ́ ṣá. Kì í sì wo ojú mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé oúnjẹ sílẹ̀, ó máa ń jẹ ẹ́ tán."

Mo yọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹnì kan kọ ẹ̀yìn sí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sórí ajọ̀. Ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn oníṣẹ́ ọ̀fẹ́ wọ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀. Mo gbé fóònù sẹ́nu.

"Waheedat, ibo lo wà?"

"Orí bẹ́ẹ̀dì mi ni, sà," ni fóònù wí.

Ajọ̀ dákẹ́. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ náà kò yíjú padà.

"Orí bẹ́ẹ̀dì mi ni, sà," ni òun náà wí.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ojú títì. Níbẹ̀ ni mo ti rò ó, bí ẹ̀yin náà ti ń rò ó báyìí: àlejò tí a kò sìn, ṣé ó ti lọ? Mo sọ fún Samsudeen pé kó gbé àbúrò rẹ̀ wá.

Nígbà tí wọ́n dé, ńṣe ni Samsudeen gbé e sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Waheedat kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àpọ́nlé.

"Mọ́mì, irọ́ ni mo pa. Mo mọ̀ pé mi ò ní padà wá. Ẹ forí jì mí, mà. Ẹ sìn mí sọ́nà."

Ìyá náà wò ó, ó wo ẹ̀yìnkùlé, ó tún wò ó. Ó bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà ó mú un lọ́wọ́, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ìró ajọ̀ tó tún ń dún níbẹ̀ dákẹ́. Nígbà tí wọ́n yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, àwọn méjì náà ni mo rí, ọkàn mi sì balẹ̀. Waheedat ti ń dá rìn, kò sẹ́ni tó dì í mú. Ìyá Àpọ́nlé sìn ín dé ìdí ọkọ̀.

"Kí ilé o, ọmọ mi."

Ọmọ náà gbọ́wọ́ sókè, ó juwọ́ sí wa. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti le, àpá iná agbada gàrí sì wà lórí rẹ̀ káàkiri.

Ọkọ̀ ti lọ tán kí Ìyá Àpọ́nlé tó sọ̀rọ̀. "Tíṣà," ló wí, "èwo nínú wọn ni mo sìn?"

Samsudeen pè mí láìpẹ́ yìí. Ó ní ara àbúrò òun ti dá, ó ń jẹun, ó ti sanra. Ó wá sọ ohùn rẹ̀ di jẹ́jẹ́.

"Ṣùgbọ́n, sà, àràárọ̀ ló ń di báàgì rẹ̀. Á wá kúnlẹ̀ kí ìyá tó bí wa, á ní, 'Ẹ ṣé tí ẹ gbà mí sílé, mà. Ìgbà wo ni bọ́ọ̀sì wa máa dé?'"

Ó dáa. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, tí ẹ ya fọ́tò, tí ẹ sì rọra yọ lọ, ohun tó kàn rèé. Lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ pe ẹni tó gbà yín sílé. Ẹ kí i dáadáa, ẹ bi í léèrè bóyá ẹ ti lọ. Ṣùgbọ́n kó tó dáhùn, ẹ kọ́kọ́ fetí sílẹ̀ sí ohun tó ń dún lẹ́yìn ilé rẹ̀.