Ọṣẹ Inú Póò

Ọmọkùnrin káfíńtà wú títí ó fi dà bíi pátákó tí òjò pa, ó sì kú kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ṣe é. Ìyá rẹ̀ sunkún débi pé kànga àdúgbò kún. Kò tíì nu ojú tán tí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó kù fi jí pẹ̀lú ìpéǹpéjú tó wú bíi búrẹ́dì. Ó tọ̀ sínú póò, ìtọ̀ náà sì hó bí omi ọṣẹ.

"Ọṣẹ!" aládùúgbò wọn tí wọ́n ń pè ní Rédíò, tí kì í lo bátìrì, pariwo. "Ta ní ń fọṣọ nínú ilé yìí?"

Ta ni kò mọ̀? Ẹ̀gbọ́n káfíńtà obìnrin, alágbàfọ̀, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìnkùlé.

"Inú ikùn ọmọ yín ló ti ń fọṣọ!" Rédíò tún ké.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó káfíńtà yọjú sẹ́yìnkùlé. Ẹyẹ funfun kan ń lu apá níbẹ̀, ó tóbi ju ilé mẹ́ta lọ! Aṣọ ibùsùn lórí okùn ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í wo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì.

"Àǹtí, ẹ tú ọmọ mi sílẹ̀!"

"Ìyàwó wa, ṣé orí ẹ pé? Èmi tí mo pọ̀n wọ́n! Nígbà tí èyí tó kú ń wú, mo ní kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kí lẹ ní kí n ṣe? Ẹ ní kí n dákẹ́."

"Ẹ kó ẹrù yín!"

Káfíńtà ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àǹtí gbé báàfù rẹ̀ rù, ó lọ.

Ọṣẹ wá di èèwọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì káfíńtà le débi pé ṣẹ́ẹ̀tì náà ń dá dìde lọ síbi iṣẹ́. Ewúrẹ́ ń yà fún un lọ́nà. Síbẹ̀ ìtọ̀ ọmọ ń hó, bàtà kò sì gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́.

"Àǹtí ti lọ, ọṣẹ ti lọ," káfíńtà ní. "Ta ló wá ń fọṣọ?" Ó pọn ọmọ rẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ kọrí sílé ìwòsàn.

Dókítà yẹ ìtọ̀ wò, ó gba ẹ̀jẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ gba ẹ̀yìn mú bíńtín lára kíndìnrín, ó lọ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó.

"Àwọn ọmọ ogun inú ara, tó yẹ kó máa lé àìsàn, ló yíjú sí kíndìnrín rẹ̀. Asẹ́ ni kíndìnrín. Wọ́n ti dá a lu. Èròjà tó ń mú ara dàgbà wá ń jò sínú ìtọ̀, òun ló ń hó. Oògùn máa mú wọn rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa pẹ́ lórí ẹ̀. Ẹ dín iyọ̀ kù."

"Ta ló rán wọn?" ìyàwó béèrè.

"Kò sẹ́ni tó rán wọn, màmá. Èyí tí bàbá sọ pé ó kú ńkọ́, ṣé ìtọ̀ tiẹ̀ náà hó?"

Ojoojúmọ́ ni ìyàwó ń rí ìhó náà nínú póò ọmọkùnrin rẹ̀, tó ń yára dà á nù kí Rédíò má baà rí i.

Nígbà tí wíwú ara ọmọ rọlẹ̀, ìyàwó ra ọṣẹ, ó lọ síbi tí Àǹtí sá sí. Ó kúnlẹ̀, ó fa bùbá ìdọ̀tí kan yọ nínú báàfù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Ọṣẹ hó. Ó wá rí póò ọmọkùnrin rẹ̀ níbẹ̀. Omijé gba ojú rẹ̀ kan.

"Àǹtí, mo rí i. Ọwọ́ mi yìí ló dà á nù."

Àǹtí sá aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sórí okùn.

"Ọmọ mi ńkọ́?"

"Ó ti ń jẹun. Ó ń béèrè yín."

Àǹtí fa àpótí, ó jókòó sí òdìkejì báàfù, ó ti ọwọ́ bọ omi.

"Ọrùn bùbá yẹn ò tíì mọ́. Tún un fọ̀."