Pẹ́pẹ́yẹ Tí Kò Fẹ́ Àna

Ọkùnrin kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta aago, ó gbé jígí kékeré dání, ó sì ń fi ojú ara rẹ̀ ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rán ojú. Ó fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó fi odidi ọsàn há ẹnu. Ó fa ètè ìsàlẹ̀ wálẹ̀, ó yọ gbogbo eyín síta, ó sì tún pa á mọ́ kíá bí ẹni tó rí àna rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn tó ń kọjá ń yà fún un.

Obìnrin kan jókòó sẹ́yìn fèrèsé lódìkejì títì, ó ń fi irin wẹ́wẹ́ dán eyín àtọwọ́dá ẹnì kan. Ó gbójú sókè, ó wò ó títí. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, “Aṣọ ẹ̀ mọ́, bàtà ẹ̀ dán. Orí nìkan ló kù.”

Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi sọdá, tó kan ilẹ̀kùn, tó wọlé.

“Ẹ káàsán, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè yá mi ní ẹnu?”

“Ẹnu wo?”

Ó nawọ́ sí orí pẹpẹ, níbi tí wọ́n to àwọn eyín tí wọ́n fi ẹfun mọ sí, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. “Àwọn yẹn. Mo fẹ́ rí bí eyín ṣe ń tò tí èèyàn bá ń rẹ́rìn-ín dénú. Tèmi tí mò ń wò nínú jígí ti sú mi.”

“Kí ni iṣẹ́ yín gan-an?”

“Mo máa ń ya eré àwòrán, mà. Kàtúùnù. Àwọn tó máa ń sín ètò tẹlifíṣọ̀n jẹ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀.”

Eyín tó wà lọ́wọ́ obìnrin náà fẹ́ já bọ́. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ó kàn mú eyín ẹfun kan lórí pẹpẹ, ó fi bébà wé e, ó ní, “Ẹnu lọ́yà kan nìyí. Ẹ rọra o, kó má bu yín jẹ.”

Ìdí rẹ̀ nìyí. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló ń gbé nínú yàrá mẹ́ta lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Láàárín ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu Bàbá. Tó bá wá di Sátidé, ilé á yí padà. Wọn kì í kánjú. Wọ́n á jí nígbà tó bá wù wọ́n, wọ́n á po tíì, wọ́n á gé búrẹ́dì, Bàbá á na ẹsẹ̀ lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú, ọmọ á jókòó sílẹ̀ lórí tìmùtìmù, tẹlifíṣọ̀n á sì máa sọ̀rọ̀ títí oòrùn á fi kúrò lójú fèrèsé kan bọ́ sí èkejì.

Eré àwòrán lórí eré àwòrán ni. Wọ́n ń sín àwọn tó ń ka ìròyìn jẹ. Wọ́n ń sín àwọn tó ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè jẹ. Wọ́n ń sín àwọn dókítà inú eré jẹ, àwọn tó jẹ́ pé ẹkún ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sun kí wọ́n tó fún aláìsàn lábẹ́rẹ́. Bàbá á rẹ́rìn-ín títí á fi di ìhà mú. Ọmọ rẹ̀ á máa wo ẹnu rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe eyín tó wà níbẹ̀, inú rẹ̀ á sì dùn pé ó ń rí lílò.

Ọkùnrin ayàwòrán dá ẹnu lọ́yà padà, ó yá ti olórin. Ó dá ti olórin padà, ó yá ti arúgbó kan tó ní eyín mẹ́rin péré. Nígbà tí ẹnu àyálò tán lórí pẹpẹ, ẹnu ẹni tó ni pẹpẹ ló kù tó ń wò.

“Oníjígí,” bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà ń pè é, “ẹnu tèmi kì í ṣe fún yíyá o.”

“Eléyín mi, ta ló fẹ́ yá a? Mo fẹ́ rà á tán ni.”

“Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Wọ́n ń ta ẹnu lọ́jà níbo?”

Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọmọdé mọ́, nítorí náà ìfẹ́ wọn kò pariwo. Wọ́n á jọ rìn dé ẹ̀yìn ọgbà ilé ìwé, wọ́n á padà. Ọkùnrin náà á sọ bí ó ṣe ya ojú kan ní àyàtúnyà kó tó jọ ojú. Obìnrin náà á sọ ti oníbàárà tó ní kí òun ṣe eyín tó lálàfo, torí pé ìyàwó rẹ̀ ti mọ́ àlàfo náà lára. Obìnrin náà fẹ́ràn Oníjígí gidigidi. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́kàn ara rẹ̀, ó sì ń bà á lẹ́rù.

Bàbá ló wà nídìí ẹ̀rù náà. Ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin ni Bàbá kó tó fẹ̀yìn tì. Ó fi rélùwéè sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fìlà iṣẹ́ ṣì wà lórí rẹ̀ nínú ilé. Bó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ pàtàkì, á ṣí fìlà náà, á fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á tún un dé. Ọkùnrin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti wá tọrọ ọmọ rẹ̀. Àkọ́kọ́ ń húkọ́; Bàbá fẹ́ atẹ́gùn sínú fìlà, ó ní kò sí àlàáfíà lára ẹni náà. Èkejì, tó jẹ́ tíṣà, tètè dé. Bàbá ní ẹni tó bá tètè dé á tètè lọ. Bàtà ẹlẹ́ẹ̀kẹta ń dún. Ní gbogbo ìgbà náà, ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni ọmọ wà. Tí àlejò bá lọ, á jáde, á palẹ̀ ife mọ́, á ní, “Bẹ́ ẹ bá ṣe wí náà ló rí, Bàámi.”

Nítorí náà, nígbà tó mú Oníjígí wálé ní Sátidé kan, kò pè é ní àfẹ́sọ́nà. Ó ní, “Bàámi, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ya eré yín nìyí.” Bàbá sún ẹsẹ̀ kúrò lórí àga fún un láti jókòó, ohun tí kò ṣe fún ẹnikẹ́ni rí. Láti ọjọ́ náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ ń wo eré náà. Bàbá á na ìka sí tẹlifíṣọ̀n, á ní, “Ìmú yìí, ìwọ lo yà á?” Oníjígí á ní, “Èmi ni, sà.” Bàbá á ní, “O kú iṣẹ́. Ìmú burúkú ni.”

Lójú ọ̀nà, Oníjígí á bi obìnrin náà pé, “Ìgbà wo la fẹ́ sọ fún Bàbá?”

“Fara balẹ̀, olówó orí mi. Ó ku díẹ̀.”

Díẹ̀ náà kò tán. Ọkùnrin náà béèrè títí ó fi rẹ̀ ẹ́, kò sì béèrè mọ́.

Ó wá di Sátidé kan, eré tuntun bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ń sín eré ẹlẹ́kún kan jẹ, èyí tí gbogbo èèyàn ń wò, níbi tí bàbá olówó kan ti ń dínà ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Nínú ti àwòrán yìí, pẹ́pẹ́yẹ sísanra kan ni bàbá náà, ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin ni. Àwọn olùfẹ́ ọmọ rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́. Pẹ́pẹ́yẹ á ṣí fìlà, á fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, á wá àlébù kan jáde, á fun fèrè, á sì ti ẹni náà padà sínú ọkọ̀ tòun tòdòdó. Wọ́n lé òbúkọ torí irùngbọ̀n. Wọ́n lé ìgbín torí pé ó pẹ́ dé. Nídìí fèrèsé tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ọmọ pẹ́pẹ́yẹ náà jókòó, kò sọ̀rọ̀. Orí nìkan ló ń mì.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ó na ìka sí tẹlifíṣọ̀n. “Àgbààyà! Ṣé ìwọ lo fẹ́ fẹ́ ẹ ni? Jẹ́ kí ọmọ lọ sílé ọkọ jàre!”

Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń rí tẹni. Fìlà wà lórí Bàbá bó ṣe ń pariwo yìí. Ẹ̀rín kú lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ gbé omi kaná, ó sì fi ojú pe Oníjígí wá sí ilé ìdáná.

“Bàbá mi nìyẹn,” ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin mẹ́ta yẹn tí mo fọkàn tán ẹ sọ fún ẹ lo gbé lọ síta. O jókòó nílé wa, o mu tíì wa, o wá fi bàbá mi ṣe ẹlẹ́yà níwájú ayé.”

“Mi ò fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Mo fẹ́ràn wọn.”

“Ṣé bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn èèyàn nìyẹn?”

“Ẹnu ni mo kọ́kọ́ fi sọ ọ́ fún ẹ, Eléyín mi. O ní kí n fara balẹ̀. Mo wá fi pẹ́ńsùlù sọ ọ́. Mo mọ̀ pé mo ṣàṣejù.” Ó nawọ́ sí apá ibi tí Bàbá wà. “Bàbá ò mọ̀ pé àwọn ni pẹ́pẹ́yẹ yẹn. Ìwọ ńkọ́? Èyí tó wà nídìí tíkẹ́ẹ̀tì, ṣé o mọ ẹni tó jẹ́?”

Ọ̀rọ̀ náà ká a lára ju ti bàbá rẹ̀ lọ. Ó mọ̀. Ìdí tí inú fi ń bí i tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

“Máa lọ,” ó ní. “Lọ́la, wá fi ẹnu ara ẹ sọ fún wọn pé àwọn lo yà. Tí o ò bá lè sọ ọ́, má wá mọ́ láé.”

Oníjígí lọ. Obìnrin náà kò sùn dáadáa mọ́jú. Apá kan ọkàn rẹ̀ ń gbàdúrà kí ọkùnrin náà wá, apá kejì ń bẹ̀rù pé á wá.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó wá. Kò jókòó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àga ìrọ̀gbọ̀kú.

“Bàbá, ẹ dárí jì mí. Pẹ́pẹ́yẹ àná yẹn, ẹ̀yin ni mo wò tí mo fi yà á. Mi ò gbàṣẹ lọ́wọ́ yín.”

Bàbá wò ó. “Èmi kẹ̀? Irọ́ ni. Ọ̀gá mi àtijọ́ ni pẹ́pẹ́yẹ yẹn. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn gẹ́lẹ́.” Ó ṣí fìlà, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè. Ó wo inú fìlà náà fún ìgbà díẹ̀, ó sì rọra gbé e lé orí itan.

Tẹlifíṣọ̀n wà ní títàn. Apá kejì eré náà ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí láti pa á, nítorí náà wọ́n wò ó. Ọkọ̀ kò wá sí ibùdókọ̀ náà mọ́. Koríko hù lójú irin. Pẹ́pẹ́yẹ fun fèrè títí, kò sí ẹni tí yóò lé. Ọmọ rẹ̀ ṣì wà nídìí fèrèsé, ìyẹ́ orí rẹ̀ ti funfun. Níkẹyìn ó ta tíkẹ́ẹ̀tì kan fún ara rẹ̀, bàbá rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ìwé rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù. Ibi tí eré ti yẹ kó pani lẹ́rìn-ín nìyẹn. Bàbá mú rìmóòtù, ó pa tẹlifíṣọ̀n.

“Wá síbí,” ó sọ fún ọmọ rẹ̀. “Ẹni tó ń húkọ́ ọjọ́sí, ṣé o fẹ́ ẹ?”

“Rárá, Bàámi.”

“Tíṣà yẹn ńkọ́?”

Ọmọ rẹ̀ ní, “Mo fẹ́ ẹ díẹ̀.”

“O ò sì sọ.”

“Ẹ ní ó tètè dé.”

“Ṣé mi ò mọ ohun tí mo sọ ni? Mò ń dúró kó o bá mi jiyàn!” Ohùn Bàbá ti ga. “Ẹ̀rù ń bà mí láti dá wà, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Mo bá ń wá àlébù kiri. Ṣùgbọ́n mo rò pé lọ́jọ́ tó o bá rí tìẹ, wàá pariwo mọ́ mi. O ò pariwo. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó dé ibì kan tí mi ò mọ̀ bóyá ọmọ ni mo ní nílé àbí akọ̀wé.”

Omi bọ́ lójú ọmọ rẹ̀, kò sì nù ún. Bàbá yíjú sí Oníjígí, tó ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀.

“Ìwọ, dìde. O ti ń wá síbí láti ọjọ́ yìí, o rò pé mi ò mọ ohun tó ò ń wá? O fi mí ṣe pẹ́pẹ́yẹ lójú ayé. Mi ò fẹ́ ẹ. Máa lọ.”

Oníjígí dìde, ó gbọn eruku orúnkún. Ó wo obìnrin náà, ó sì kọjú sí ilẹ̀kùn. Kọ́tìnnì wà lẹ́yìn obìnrin náà, ibi tó máa ń sá sí. Ó kúrò níbẹ̀, ó gba àárín àga méjèèjì kọjá, ó lọ dúró níwájú ilẹ̀kùn.

“Kò ní lọ.”

“Kí lo wí?” Bàbá dìde, ó béèrè.

“Mo ní kò ní lọ, Bàámi.” Ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. “Ẹ bínú sí i, ó tọ́ sí i. Èmi náà ń bínú sí i. Ṣùgbọ́n kó jókòó síbí ká jọ máa bínú sí i. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ni mo fẹ́ fẹ́. Bí ẹ bá tún rí àlébù kan lára rẹ̀, ẹ sọ ọ́, màá gbọ́, màá sì tún fẹ́ ẹ.”

Oníjígí fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọkùnrin tó ń fi ojú ara rẹ̀ wá ojú kiri kò mọ ojú tí òun ìbá ṣe.

Bàbá jókòó padà díẹ̀díẹ̀. Omi lé ròrò lójú rẹ̀, kò sì jọ ti ẹ̀rín àná.

“Tún un sọ,” ó ní.

“Bàámi, ẹ ti gbọ́ mi.”

“Mo gbọ́. Tún un sọ.”

Ó sì tún un sọ.